MGB 1972 tó ti sùn fún ọdún 11: ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ra ọkọ̀ MGB olórùlé aṣọ kan, ti ọdún 1972, lọ́wọ́ ẹni tó ti pa á tì sínú gáréèjì fún ọdún 11. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì dún láti ìgbà náà, búréèkì ti gan, ìpẹtà sì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Mo ní ẹ̀rọ ìjórin MIG kékeré, mo sì mọ sípánà lò dáadáa. Èrò mi ni kí n kọ́kọ́ jí ẹ́ńjìnnì, kí n fi kábúrétọ̀ Weber (ẹ̀rọ tó ń po pẹtiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́) àti gíá oní-márùn-ún sí i, kí n tó wá kan ara ọkọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọkọ̀. Ibi tí ẹ fẹ́ parí iṣẹ́ sí gan-an ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ara ọkọ̀ ló kọ́kọ́, búréèkì tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ṣìkẹta, Weber sì dìgbẹ̀yìn, bí yóò bá tiẹ̀ wọlé rárá.

MGB, tí wọ́n ń ṣe ní Abingdon nílẹ̀ England láti 1962 títí di 1980, kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ náà ni ṣáàsì rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ní òrùlé irin máa ń fi òrùlé náà ran ilẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé ẹrù, ṣùgbọ́n aṣọ lásán ló wà lórí tiyín. Síìlì méjèèjì, ìyẹn àpótí irin gígùn tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn, àti òpó àárín tí gíá gbà kọjá, ni wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣẹ́ sí méjì. Bí síìlì bá ti jẹrà, àárín ọkọ̀ á máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo. Bí ẹ bá wá fi agbára kún ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ni ẹ ń mú ìparun rẹ̀ yá.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín etí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Ó yẹ kó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òkè bá há ju ìsàlẹ̀ lọ, àárín ọkọ̀ ti ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki jáàkì bọ ibi tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ síìlì, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ojú yín kò sì gbọdọ̀ kúrò lára àlàfo yẹn. Bí ó bá ń fẹ̀ tàbí tó ń há bí jáàkì ṣe ń ga, síìlì kò gbé nǹkan kan mọ́. Bí jáàkì bá sì ń wọnú irin lọ dípò kó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ ti rí ìdáhùn, kò tún sí àyẹ̀wò míì láti ṣe.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbí ni pé síìlì MGB kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ ń rí níta ni awọ ìta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tó dúró lóòró láàárín àpótí náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni síìlì inú, tí ilẹ̀ ọkọ̀ so mọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni irin mìíràn wà tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, tó dè wọ́n pọ̀ láti abẹ́. Orí iwájú síìlì ìta wọ abẹ́ mọ́gáàdì iwájú, ìdí rẹ̀ sì wọ abẹ́ mọ́gáàdì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá kàn fẹ́ sáré ṣe é parí kì í tú mọ́gáàdì. Yóò jó irin tuntun lé orí èyí tó ti jẹrà, yóò fi ìdí ọ̀dà (filler) dí i, yóò kùn ún, ó ti dán. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni. Ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ fi aṣọ tín-ín-rín wé gba ojú síìlì lọ: ibi tí kò bá ti dì mọ́ ọn, ìdí ọ̀dà ló wà níbẹ̀. Ẹ tún fi orí sípánà kàn án. Irin tó le máa ń dún gangan, èyí tó ti jẹrà máa ń dún bí páálí.

Ẹ bọ́ táyà iwájú kan, kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tó ti ń yí. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń dènà ẹrẹ̀, etí rẹ̀ ní róbà. Bí róbà yẹn bá ti gbó, ẹrẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì jókòó sórí ìdí síìlì níbi tí ojú kò lè tó. Bí ẹ bá tú u, ẹ lè kó garawa iyẹ̀pẹ̀ kan jáde, iyẹ̀pẹ̀ tó tutù nínú nígbà tí ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fi sikirudíráfà tẹ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọlé, ẹ mọ̀ pé ìpẹtà láti inú ló ń bọ̀ síta, àmì kékeré tí ẹ rí lábẹ́ ilẹ̀kùn kàn jẹ́ orí rẹ̀ tó yọ ni.

Ní báyìí, iṣẹ́ síìlì fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó ń ba ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ jù ni kí èèyàn gbé ọkọ̀ lé nǹkan láàárín, kó gé síìlì méjèèjì dànù lẹ́ẹ̀kan náà, kó wá jó tuntun sí i. Ara ọkọ̀ á ti yí kó tó parí, ilẹ̀kùn kò sì ní tì mọ́ láéláé. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lé orí ìdúró mẹ́rin: méjì lábẹ́ irin àgbélébùú iwájú tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, méjì lábẹ́ irin ẹ̀yìn tó so táyà ẹ̀yìn pọ̀, kí ìwúwo rẹ̀ lè wà ní ibi tó ń wà nígbà tó bá dúró lórí táyà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn méjèèjì sì wà lórí ìwakùn wọn. Ilẹ̀kùn ni òṣùwọ̀n yín, kò sí ohun tó ń wọn ihò ilẹ̀kùn bí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fi irin gbe inú ọkọ̀ ró kó má bàa yí. Irin onígun mẹ́rin 25 mm, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó 2 mm, láti òpó ìwakùn sí òpó ìtìlẹ̀kùn, kí ẹ jó o mọ́ ọn láti inú kí ilẹ̀kùn lè ṣì máa tì. Òmíràn láti òpó ìtìlẹ̀kùn ọ̀tún sí ti òsì. Ẹ wọn ihò ilẹ̀kùn ní ìdábùú méjèèjì, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Bí ó bá fi 2 mm yí padà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ dúró kí ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó jó ẹyọ kan sí i.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ṣe tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Mọ́gáàdì iwájú fi bóòtì dúró ni, kì í ṣe pé wọ́n jó o, ṣùgbọ́n díẹ̀ lára bóòtì náà wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó sì ní láti yọ gíláàsì iwájú kúrò kó tó lè jáde. Ẹ fi òróró tó ń wọnú ìpẹtà sí wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ti ẹ̀yìn, jíjó ni wọ́n jó o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹ lè rí ìdí síìlì, kí ẹ sì fi irin tuntun dí i padà.

Ẹ fi dírílì tí wọ́n ṣe fún ojú ìjórin, èyí tí ẹnu rẹ̀ tó 8 mm, tú ojú ìjórin àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, síìlì inú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà irin àárín, síìlì ìta ló kẹ́yìn. Gbogbo wọn, ẹ fi kílám̀pù àti sikirúù kéékèèké mú wọn dání ná, kí ẹ gbé mọ́gáàdì padà lé e, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wo àlàfo. Ìgbà tí àlàfo bá tó dọ́gba ni ìjórin tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìwọ̀n yìí kó sì fi ọ̀sán kan ṣoṣo jó o, kò burú rárá.

Irin tí ẹ ó jó pọ̀ nípọn tó bíi 1 mm sí 1.2 mm. Wáyà 0.6 mm ló bá a mu, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ argon tí wọ́n da carbon dioxide díẹ̀ mọ́. Ẹ lu ihò 6 mm sí etí irin tó wà lókè, kí ihò kan sí èkejì jẹ́ bíi 25 sí 30 mm, kí ẹ fi ìjórin dí ihò náà. Ibi tí irin méjì bá ti pàdé lójú, ẹ jó 20 mm, kí ẹ fò lọ sí orí kejì, kí ẹ tún jó 20 mm. Ẹni tó bá jó o lọ gbọọrọ láìsinmi, iná á ká irin náà kò bí ewé. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ jó àjákù irin tó nípọn bákan náà, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí ẹ kò bá rí àmì ìjórin tó yọ sí òdìkejì, kò tíì wọnú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹ há irin náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi òòlù ya á. Irin ló yẹ kó ya, kì í ṣe ojú ìjórin.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ohun tí a ń sáré sọ. Ẹ yọ bátìrì (méjì oní-6 volt ló wà lẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀ yín, wọn kò bọ́ sí ẹyọ kan oní-12 títí di 1974), kí ẹ sì yọ wáyà ẹ̀yìn alternator, kí iná ìjórin má bàa ba inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ yọ táńkì pẹtiróòlù kúrò pátápátá, kí ẹ gbé e jìnnà. Páìpù pẹtiróòlù àti wáyà ńlá bátìrì gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, ẹ mọ ibi tí wọ́n wà kí ẹ tó tan iná. Kápẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó, gbogbo rẹ̀ síta. Ẹ má fi òróró ìfọbúréèkì tó ní chlorine nínú nu irin tí ẹ fẹ́ jó: iná ìjórin máa ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ phosgene, tó lè pa èèyàn. Bí ẹ bá sì parí, ẹ dúró ti ọkọ̀ náà fún wákàtí kan, nítorí ìdí ọ̀dà àti ìda àtijọ́ tó wà nínú síìlì lè máa jó rọra láìmú èéfín jáde.

Ẹ fi ọ̀dà zinc tó ṣeé jó kọjá sí àárín irin tó bo ara wọn, kí ẹ fi ọ̀dà epoxy bo ìta, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ìpàdé. Ìgbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ tán ni kí ẹ wá fọ́n ìda sínú síìlì láti inú ihò tó wà nínú òpó ilẹ̀kùn. Ẹ fi okùn wáyà tú ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn náà. Omi gbọdọ̀ rọ́nà jáde, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, síìlì tuntun á di àgbá omi.

Bí ìpẹtà bá kọjá síìlì, tó ti mú ilẹ̀, ibi tí sípíríńgì ẹ̀yìn so mọ́, àti irin inú iwájú, ẹ jókòó ṣe ìṣirò. Ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń ṣe odindi ara MGB tuntun láti 1988, pẹ̀lú irinṣẹ́ títẹ̀ àtijọ́ náà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n irin tí ẹ ó fi tún èyí tó ti jẹrà tán ṣe, pẹ̀lú oṣù tí ẹ ó lò, lè gbówó jù ú lọ.

Búréèkì wàyí. Ẹ má ronú nípa pé kí ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tú. Nínú MGB 1972 tí wọ́n tà ní England, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì búréèkì ń gbà lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àwọn tó lọ sí Amẹ́ríkà ti ní ọ̀nà méjì láti ọdún àwòṣe 1968), ìyẹn ni pé ibi kan tó bá ń jò ti tó kí pẹ́dà lọ sílẹ̀ pátápátá láìsí búréèkì kankan. Kí gbogbo róbà inú rẹ̀ di tuntun. Páìpù irin, ẹ fi èyí tí wọ́n fi bàbà àti nickel ṣe rọ́pò rẹ̀, ìtóbi rẹ̀ 4.75 mm. Róbà gígùn mẹ́ta tó ń rọ̀, méjì níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ nù bó ti wù kó dára lójú tó. Inú rẹ̀ máa ń wú títí ihò rẹ̀ á fi di ẹnu abẹ́rẹ́: ọ́ìlì á lágbára wọlé nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní lágbára padà, búréèkì á máa há fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa tú kálípà tí kò ṣẹ̀.

Kálípà iwájú, ẹ má pín in sí méjì. Ẹ fi búréèkì ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti písítìnì jáde, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú igi tín-ín-rín láàárín kí méjèèjì lè jọ yọ. Bí ojú písítìnì bá ní ihò ìpẹtà, tó tiẹ̀ kéré bí àpá abẹ́rẹ́, ẹ fi tuntun tí kì í dípẹtà sí i. DOT 4 ni ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ máa yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù lọ sí pọ́ǹpù ńlá. Kíláàṣì náà ń lo ọ́ìlì kan náà, róbà rẹ̀ náà sì ti gbó. Bí àwo kíláàṣì bá ti lẹ̀ mọ́ irin, èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọdún 11, ẹ fi igi ti pẹ́dà mọ́lẹ̀ ní alẹ́ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa tú láàárọ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Táyà ọkọ̀ tó ti sùn fún ọdún 11 kì í ṣe táyà mọ́. Nígbà tí iwájú bá wà lókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ mì ín, kí ẹnì kan tẹ búréèkì. Ìmìtìtì tó bá ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n tẹ búréèkì, kì í ṣe ti bíárìn, ti irin ìdúró tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì ni. Ẹnu gíríìsì mẹ́ta ló wà lára irin náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún gíríìsì sí i nígbà tí táyà bá wà lófuurufú, torí bí ọkọ̀ bá jókòó lé e, gíríìsì kì í dé ẹ̀gbẹ́ tó ń ru ẹrù.

Ẹ ti dé ibi tí ó wù yín láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì B-series yìí, 1798 cc, kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pa á ni ẹni tó tan án láìmúra. Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣíbí ìmùkọ kan sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì ńlá iwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́, yípo méjì. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fi agbára lé e. Ẹ tún da ọ́ìlì sí i, kí ẹ dúró. Bí ó bá ń yí, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ fítà, ẹ da 20W-50 tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́ sí i. Ọ́ìlì ìgbàlódé kì í ní zinc tó tó, bẹ́ẹ̀ ojú camshaft (irin tó ń ṣí fáàfù) inú ẹ́ńjìnnì yìí ń fi ara gbo irin pẹrẹsẹ, zinc yẹn ló ń dáàbò bò ó.

Láìsí plọ́ọ̀gì níbẹ̀, ẹ fi bátìrì yí i títí présọ̀ ọ́ìlì yóò fi gòkè lójú gééjì. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí ìyíyí kọ̀ọ̀kan gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 20, pọ́ǹpù ti gbẹ. Ẹ tú páìpù ọ́ìlì tó jáde lára búlọ́ọ̀kù, kí ẹ rọ ọ́ìlì sí i, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́, á mu ún. Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ti gbóná, 50 sí 80 psi ló yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà ìrìn, 10 sí 25 nígbà tó bá dúró. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ jìnnà sí èyí, bíárìn isalẹ̀ ló ń bẹ̀ yín.

Àlàfo ẹnu fáàfù, 0.38 mm nígbà tó bá tutù. Ọ̀nà kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ ṣi ka: nọ́ńbà 9. Fáàfù 1 bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, fáàfù 8 ni kí ẹ wọ̀n. Fáàfù 3 nísàlẹ̀, ẹ wọn 6. Àpapọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 9. Àlàfo plọ́ọ̀gì, 0.64 mm; ojú contact inú distributor (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì), 0.35 sí 0.40 mm. Ìtọ́lẹ́sẹẹsẹ iná, 1-3-4-2. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ tú orí ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìjókòó líle sí ẹnu fáàfù èéfín nígbà tó wà nílẹ̀, torí pẹtiróòlù òde òní kò ní òjé tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà sí 61 sí 68 Nm, láti àárín lọ síta.

Omi: sílíńdà 4, tó wà lẹ́yìn, ni ẹrẹ̀ ìpẹtà máa ń jókòó sí yíká. Ẹnu ìdamínù wà lára búlọ́ọ̀kù, ẹ tú u. Bí omi kò bá jáde, kì í ṣe pé kò sí omi, ẹrẹ̀ ló dí i. Ẹ fi wáyà líle gún un, kí ẹ fi ọ́ọ̀sì fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbóná nítorí èyí ni wọ́n ń ra rédíétọ̀ tuntun fún lásán.

Pẹtiróòlù ọdún 11, ẹ gbé e kúrò. Gbogbo róbà rẹ̀, ẹ fi èyí tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára sí i. Ethanol tó wà nínú pẹtiróòlù báyìí máa ń jẹ èyí tí kò bá ní àmì yẹn láti inú. Ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù pẹtiróòlù SU tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kó dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, kó sì dákẹ́ nígbà tí kábúrétọ̀ bá kún. Bí kò bá dún, ojú contact inú rẹ̀ ló dọ̀tí. Bí kò bá dákẹ́, ó ń jò níbì kan, tàbí abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ kò tì.

Kábúrétọ̀ tó wà lórí rẹ̀, SU HIF4 méjì, kò yẹ ní sísọ nù. Ẹ gbé písítìnì rẹ̀ sókè kí ẹ jù ú sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ rọra sọ̀kalẹ̀, kó sì kan ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìró kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e ní mílímítà kan péré. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré díẹ̀ kó tó padà sí bó ṣe wà, ó ti dára. Bí ó bá ń sáré lọ, pẹtiróòlù pọ̀ jù. Bí ó bá fẹ́ kú, ó kéré. Sikirúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ fi ń ṣe é, yíyí sí ọ̀tún ń fi pẹtiróòlù kún un.

Wáyà iná: lọ́pọ̀ ìgbà àìsàn Lucas, ilé iṣẹ́ tó ṣe ohun èlò iná ọkọ̀ yìí, kì í ṣe ti wáyà, ilẹ̀ iná (earth) ni kò dára. Ẹ ha ojú gbogbo ibi tí wáyà dúdú ti so mọ́ ara ọkọ̀, kí ẹ tó fura sí ohun míì. Búráwùn ni iná bátìrì tí kò gba fíúsì kọjá, fúnfun ti kọ́kọ́rọ́ tí kò gba fíúsì, àwọ̀ ewé ti kọ́kọ́rọ́ tó gba fíúsì, àwọ̀ àlùkò ti bátìrì tó gba fíúsì. Ẹni tó bá mọ mẹ́rin yẹn ti mọ ìdajì ọkọ̀ náà.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ Weber. Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ṣùgbọ́n ẹnu méjì péré ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní orí oní-ihò márùn-ún: méjì fún ìwọlé, mẹ́ta fún èéfín. Sílíńdà méjì méjì ń jà sí afẹ́fẹ́ kan. Weber méjì kò bá a mu. Ẹyọ kan, 45 DCOE, ni wọ́n máa ń lò, tó bá sì jẹ́ pé camshaft, orí ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín wà bí wọ́n ṣe wà nílé iṣẹ́, ariwo nìkan ni ẹ ó rí jèrè, pẹtiróòlù á sì pọ̀ sí i. Owó yẹn, ẹ fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n ti là mọ́ dáadáa àti páìpù èéfín tó tóbi díẹ̀, kí SU méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó bá wọn mu. Iná oníkọ̀ǹpútà kékeré tó rọ́pò contact inú distributor náà dára. Ẹ kàn rí i dájú pé coil rẹ̀ tó ohm 3. Èyí tó jẹ́ ohm 1.5 láìsí ohun tó ń dín iná kù máa ń jó o. Ṣọ́ọ̀kì onílẹ́fà (shock absorber) tó wà nísàlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe. Ti iwájú náà ló jẹ́ apá òkè tó di táyà mú, ẹni tó bá sọ ọ́ nù gbọdọ̀ wá apá mìíràn.

Gíá oní-márùn-ún ṣeé ṣe. Ti Ford Type 9 ni wọ́n sábà máa ń lò, pẹ̀lú ilé kíláàṣì tuntun, propshaft (irin tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn) tí wọ́n gé, irin ìdúró mìíràn, àti gééjì ìsáré tí wọ́n ní láti tún kà. Ẹ́ńjìnnì àti gíá ló jọ ń jáde pọ̀, torí náà ẹ wo bíárìn kíláàṣì tó jẹ́ carbon nígbà yẹn. Fífi ẹsẹ̀ sinmi lórí pẹ́dà ló ń jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ yẹ̀ wò bóyá ọkọ̀ yín ní overdrive, ìyẹn gíá àfikún tó so mọ́ ẹ̀yìn gíá. Bí ó bá ní i, á dín ìyípo ẹ́ńjìnnì kù ní bíi ìdá 18 nínú 100: ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí, láti bíi 3450 sí bíi 2850. Èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹ ń wá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 náà ló ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì gíá tó nípọn. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ọ́ìlì tí kò yẹ tàbí fítà tó dí ló ń dà á láàmú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi gíá sí 4, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ́tí lábẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró "kẹ́" kékeré kan lára gíá, iná ti dé ibẹ̀, ó ku ọ́ìlì àti fítà.